Iṣẹ́ Tí A Kò Tíì Rán Fóònù Wa

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí a rí òní yóò jẹ́ kí a rí ogún ọdún, yóò sì jẹ́ kí a rí àádọ́ta. Àṣẹ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọyọ̀ ní kí àwa Alukoro wá sọ̀rọ̀, àwọn kan rò pé bí a ṣe ń fi owó pamọ́ ni a máa sọ, nítorí pé báńkì ni a ti ń jẹun. Àwọn mìíràn ní kí a pìtàn ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù ni a mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá ka orí tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, tí a sì ka fóònù, ẹ ó rí i pé fóònù ni yóò pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹnì kan bá gba akọ̀wé síṣẹ́, tí akọ̀wé náà mọ ìwé owó kọ, tí ó mọ ẹrù pa mọ́, tí ó sì mọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àkàrà nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ń rán an lọ rà láàárọ̀, ta ni ó ń fi owó ṣòfò? Bí a ṣe ń lo fóònù wa nìyẹn. A ń fi kí ara wa ní ẹ kú òwúrọ̀, a ń fi wo fídíò, a ń fi pín àwòrán òde. Iṣẹ́ mẹ́ta tí a kà yẹn, ìwé owó, ẹrù pípamọ́ àti ẹnu ọ̀nà ṣíṣọ́, a kò rán an. Àìrán an yìí ti ná ẹgbẹ́ wa ní ohun tí owó kò lè rà padà.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún kẹfà ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa pàdánù ìyá rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí òfin ẹgbẹ́ wí: ẹni tí owó oṣooṣù rẹ̀ bá pé ni ẹgbẹ́ yóò fún ní owó ìrànwọ́ ìsìnkú, òun náà ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ bá lọ. Akápò ìgbà náà, ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́, ń kọ owó oṣooṣù sínú fóònù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀. Àkọsílẹ̀ ọdún méjì bá a lọ. Ìwé kékeré tí ó kù nílé kò kọjá oṣù kẹta ọdún náà.

Nígbà tí a jókòó láti yanjú ọ̀rọ̀, ìwé kékeré yẹn sọ pé ojúgbà wa jẹ gbèsè oṣù mẹ́jọ. Òun ní òun ti san án. Àwọn kan ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí òkú ìyá rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì ni a ní kí ó lọ wá ẹ̀rí owó oṣooṣù. Ó dákẹ́, ó dìde, ó lọ. Ó sin ìyá rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwa bíi mẹ́wàá ni a lọ, kò sì sí aṣọ ẹgbẹ́ lára ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni ẹ̀rí dé. Láti inú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ni ó ti ń sanwó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń hàn, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, iye kan náà, inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ sì wọ̀. A bẹ̀ ẹ́. A fi ìtìjú san owó náà fún un. Ó gbà, ó sì wà láàárín wa lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́ kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń sin ìyá.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì wà nínú ìpàdé ọjọ́ yẹn. A mọ̀ pé ẹ̀rí owó tí ó wọlé wà nínú ìwé àkáǹtì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, pé ọjọ́ kan péré ni a nílò láti gbà á kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ariwo pọ̀, a dákẹ́. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a kò sì fẹ́ kí ìwé ọdún kẹwàá yìí jáde láìsí i nínú rẹ̀. Olè jí fóònù kan lọ. Àwa ni a kó ẹgbẹ́ odidi sínú fóònù kan.

ÌWÉ OWÓ TÍ GBOGBO OJÚ LÈ RÍ

Ní ọdún 1979 ni àwọn ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Dan Bricklin àti Bob Frankston, gbé VisiCalc jáde. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ kọ̀ǹpútà kékeré di ìwé owó tí ń ṣírò ara rẹ̀: bí o bá yí nọ́ńbà kan padà, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Excel tí a ń lò ní ọ́fíìsì àti Google Sheets tí ẹnikẹ́ni tí ó ní àdírẹ́sì Gmail lè lò lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀, àfi owó dátà.

Láti ọdún keje ni ìwé owó wa ti wà nínú Google Sheets. Bí a ṣe tò ó rèé, kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òpó A ni nọ́ńbà, òpó B ni orúkọ. Láti òpó C dé N jẹ́ òpó méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan sì ní òpó tirẹ̀, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Nínú òpó O, a kọ =SUM(C2:N2) síwájú orúkọ àkọ́kọ́; yóò ro gbogbo owó tí ẹni náà ti san lọ́dún náà pọ̀. Nínú òpó P, a kọ =COUNTBLANK(C2:N2); yóò ka iye àpótí tí ó ṣófo. Àpótí tí ó bá ṣófo ní oṣù tí ó ti kọjá, gbèsè nìyẹn. Kí a wá fi ìka fa ohun tí a kọ sí orúkọ àkọ́kọ́ wá sísàlẹ̀ dé orúkọ ìkẹyìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí pé Akápò ń fi ìka ka oṣù, kò sì sí pé ẹnì kan ń sọ pé wọ́n ṣì òun kà.

Ohun tí ó dára jù ni pípín in. Bí a bá tẹ Share, a lè yàn ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Akápò àti Akọ̀wé Owó jẹ́ Editor, àwọn nìkan ni wọ́n lè kọ nǹkan síbẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yòókù jẹ́ Viewer: wọ́n lè rí i nígbàkígbà, láàárín òru pàápàá, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ kàn án. Bí Editor kan bá sì yí nọ́ńbà padà, ìwé náà kò ní dákẹ́. Kí a ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí a tẹ File, kí a tẹ Version history, yóò fi ẹni tí ó yí i padà hàn, yóò sọ ọjọ́ àti wákàtí, yóò sì fi bí ìwé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn. Akápò wa tuntun ní ohun tí ó jẹ́ kí òun gba ipò náà nìyẹn, nítorí pé ìwé yìí ń gbèjà òun gan-an.

Ọ̀rọ̀ báńkì méjì ni a ó fi kún un. Èkíní: nígbàkúgbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi àyè tí wọ́n ń pè ní narration sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ orúkọ yín àti oṣù tí ẹ ń san síbẹ̀. Bí ojúgbà wa bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ì bá má bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì: bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ yín tí kò dé ibi tí ẹ rán an, ẹ wá ohun tí a ń pè ní session ID lára ìwé ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ náà. Nọ́ńbà gígùn tí ó ní òǹkà 30 ni. Òun ni ẹ ó gbé lọ sí báńkì, nítorí pé òun ni a fi ń tọpasẹ̀ owó láti báńkì kan sí èkejì. Fún ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rántí pé alert lórí fóònù kọ́ ni owó. Ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó gbé ọjà fún oníbàárà.

ÌRÁNTÍ ẸGBẸ́

Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa gan-an ló kàn. Ọwọ́ àwa Alukoro ni àwòrán ẹgbẹ́ máa ń wà. Gbogbo àwòrán ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ọjọ́ ìdásílẹ̀, ti ìgbà àkọ́kọ́ tí a jáde ní Ojúde Ọba, inú fóònù kan ni wọ́n wà. Omi wọ fóònù náà. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe títí ó fi sú wa. Kò jí mọ́.

Ẹ ó rí àwòrán ọjọ́ ìdásílẹ̀ nínú ìwé yìí, ẹ ó sì rí i pé ó ṣú. Orí WhatsApp ẹnì kan ni a ti rí i. Bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe é, WhatsApp a máa fún un pọ̀ kí ó lè tètè lọ, kí ó má sì jẹ dátà; ó dára láti wò lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ilé ìtẹ̀wé, yóò fọ́. Méjì nínú àwọn tí ó wà nínú àwòrán yẹn ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bóyá a ní èyí tí ojú bàbá òun mọ́ dáadáa nínú rẹ̀. A kò ní in.

Ohun tí a kọ́ nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán tí a máa tẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má gba ọ̀nà Gallery; ẹ gba ọ̀nà Document. Bí ó ṣe wà lọ́wọ́ yín ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ ti ṣí àkáǹtì Google kan ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ Alukoro. Google ń fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní àyè 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín lò. A ṣí fódà fún ọdún kọ̀ọ̀kan. A tún ṣí ọ̀kan fún ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé ìpàdé àti rìsíìtì. Àwọn ìwé tí ó jẹ́ bébà, a fi Drive yà wọ́n: app náà ní ibi tí a ti lè fi kámẹ́rà fóònù ya ojú ìwé, yóò gé etí rẹ̀ dọ́gba, yóò sì sọ ọ́ di PDF. Ìwé òfin tí ikán ti ń jẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akọ̀wé àkọ́kọ́, gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ni ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Nọ́ńbà fóònù Ààrẹ àti ti Akọ̀wé ni a fi ṣe ọ̀nà ìgbàpadà àkáǹtì náà, bí a bá gbàgbé password rẹ̀. Bí a bá dìbò, tí oyè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ó yí nọ́ńbà àti password padà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún olóyè tuntun. Oyè ni ó ni àkáǹtì náà, ẹni tí ó jẹ oyè kọ́ ni ó ni ín.

ẸNU Ọ̀NÀ

Ní ọdún tí ó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ inú fóònù púpọ̀ nínú wa láti orí WhatsApp ọ̀kan nínú àwọn ojúgbà wa obìnrin. Ó ní òun wà ní ilé ìwòsàn, pé báńkì òun ń ṣe wàhálà, kí a jọ̀wọ́ bá òun fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àkáǹtì kan, òun yóò dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwòrán rẹ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ ni, ó tún pe oríkálukú ní orúkọ. Ẹni mẹ́ta sanwó. Ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí, ó ń wá bí òun yóò ṣe ṣí WhatsApp òun tí kò ṣí mọ́.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà yín sínú WhatsApp lórí fóònù mìíràn, WhatsApp yóò fi òǹkà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni. Onígbàjúẹ̀ kò lè rí òǹkà yẹn, nítorí náà yóò pè yín. Yóò ní ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí ni òun ti ń pè, pé a ń kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Ẹ bá ti kà á fún un, ẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé yín fún un nìyẹn.

Ọ̀nà láti fi ìlẹ̀kùn kejì sí i wà, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan PIN olóǹkà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ má ṣe lo ọjọ́ ìbí yín. Inú ẹgbẹ́ ojúgbà ni a wà, gbogbo ayé ni ó mọ ọdún tí wọ́n bí wa. Ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì yín kún un, nítorí ìgbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ tan yín gba òǹkà àkọ́kọ́, yóò dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn kejì. Bákan náà, ẹ máa wo Linked devices lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀, tí ó wà níbẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ lé e jáde.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún nọ́ńbà yín tẹ̀ sínú WhatsApp, ẹ gba òǹkà tuntun, onígbàjúẹ̀ yóò bọ́ síta. Bí ó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ óò dúró ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí PIN náà. Nítorí náà, ẹ tètè pe ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ lórí fóònù lásán, kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá sì gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó pe ẹni náà kí ó tó sanwó, kí ó bi í ní ohun tí ojúgbà nìkan mọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ tiwa yóò mọ orúkọ ìnagijẹ tí a ń pe olùkọ́ ìṣirò wa.

Ẹni tí ó sanwó, kí ó pe báńkì rẹ̀ ní kíá, ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé owó jìbìtì kì í sùn síbì kan. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti gba àkáǹtì mẹ́ta kọjá. Kí ẹ tó kúrò níbí lónìí, ẹ béèrè kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú àpamọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ inú fóònù nìkan ni ó wà, ọjọ́ tí wọ́n bá jí fóònù ni kóòdù bá a lọ.

KÉKERÉ TÍ Ó WÚLÒ

Ohun kan tí ó dùn mọ́ wa ni a ó fi parí ẹ̀kọ́. Nígbà tí a ń ṣètò ìwé yìí, orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa lágara, nítorí pé kò sí àmì lórí rẹ̀. Ṣé owó ni, ṣé ọwọ́ ni, àbí ọ̀wọ̀? Orúkọ tí bàbá fún ọmọ kò yẹ kí ó di àlọ́. Lórí fóònù Android, Gboard ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀: ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ lọ sí Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Ìyàwó Bàbá Ìsàlẹ̀ wa ti fi ń kọ àdúrà àárọ̀ sórí ìkànnì ẹgbẹ́ báyìí, gbogbo àmì rẹ̀ ni ó pé, ojú sì ń ti àwa tí a lọ sí yunifásítì.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ẹ̀yin ojúgbà wa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ra fóònù tuntun. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín tó. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún kí a tó jẹun. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi PIN sí WhatsApp rẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé owó ẹgbẹ́, kí ó wá orúkọ rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ohun tí ó wà níbẹ̀ bá ohun tí ó san mu. Kí ẹni tí ó bá ní àwòrán ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, bó ti wù kí ó kéré tó, fi ránṣẹ́ sí wa gẹ́gẹ́ bíi Document. Ọmọ kan ṣì ń wá ojú bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ wa jókòó sí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn yóò ràn yín lọ́wọ́, wọn kò sì ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. A ti bá wọn sọ ọ́ nílé.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, kí ó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ bá tún kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú wa, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó jìnnà, kí ó jẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ ni a ó gbé wọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ni a ó máa béèrè.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A ó tún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé, nínú àlàáfíà àti ọlá. 

Alukoro Ẹgbẹ́